Orí Kẹrin: Kí Ẹ̀rọ Ilé-Ìwé Má Yọ Ọmọ Kankan Sílẹ̀

Orí yìí wà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ já lé léjìká nílé-ìwé: olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀gá ẹ̀ka ICT, igbákejì ọ̀gá tí wọ́n ní kó máa mójú tó yàrá kọ̀ǹpútà, tàbí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà la ti mú àpẹẹrẹ wa, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ti ń ṣiṣẹ́.

Kò sí ìpinnu kan tí ẹ lè ṣe lórí ẹ̀rọ tí kò ní kan àwọn ọmọ lọ́nà tó yàtọ̀ síra. Olùkọ́ tó gbé gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá sórí WhatsApp ti yọ ọmọ tí kò sí fóònù nílé wọn sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ gbèrò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó kó yàrá kọ̀ǹpútà lọ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti yọ ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara sílẹ̀. Bí owó bá ti jáde tán, àtúnṣe a máa le, a sì máa wọ́n. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó máa wà lẹ́nu yín nígbà gbogbo ni pé: ta ni èyí yóò yọ sílẹ̀? Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ni kí ẹ bi í.

Ìka ò dọ́gba. Ọmọ kan nílò àyè sí i lórí kọ̀ǹpútà, òmíràn nílò lẹ́tà ńlá, òmíràn sì nílò ẹni tí yóò fi èdè ilé rẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ohun tí kálukú nílò láti kẹ́kọ̀ọ́ yọrí ni kí ẹ máa wá fún un.

1. Ẹ mọ àwọn ọmọ kí ẹ tó ka ẹ̀rọ

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ní ìwé tí wọ́n kọ iye kọ̀ǹpútà wọn sí. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ìwé tó sọ ọmọ tó ń lò wọ́n àti èyí tí kì í dé ìdí wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ẹ fún olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé kan tí yóò kọ ìdáhùn sí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan:

- Ṣé fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì wà nílé? Ta ló ni ín, ìgbà wo ni ọmọ sì lè rí i lò?
- Ṣé iná máa ń wà lálẹ́?
- Èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé?
- Ṣé ọmọ ń rí ojú pátákó? Ṣé ó ń gbọ́ olùkọ́ dáadáa? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ kíbọ́ọ̀dù?
- Ta ni ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀? Ta ni ilé-ìwé lè pè?
- Ṣé ó ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí?

Ẹ ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Kò yẹ kí olùkọ́ kankan ní kí àwọn tí kò ní fóònù nílé na ọwọ́ sókè lójú gbogbo kíláàsì. Ìtìjú ni yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ purọ́. Ìyá tàbí alágbàtọ́ ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Bọ́lá. À ń ṣètò ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún sáà yìí, a sì fẹ́ kó rọ Bọ́lá lọ́rùn. Ṣé ó máa ń rí fóònù ṣiṣẹ́ lálẹ́ nílé, àbí ká bá a wá àyè nílé-ìwé?” Èyí tó wù kí ìyá mú nínú méjèèjì, ojú kò ní tì í.

Ẹ tún fi ìwé kan sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá wọlé kọ orúkọ, kíláàsì, àti ìgbà tó wọlé àti ìgbà tó jáde. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ jókòó tì í. Bí ẹ bá rí i pé àwọn ọmọkùnrin SS3 nìkan ló ń lo àyè náà, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà.

2. Ọmọ tí kò ní ẹ̀rọ àti dátà

Láti ọdún 2015 ni JAMB ti ń ṣe gbogbo ìdánwò UTME rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde pé ti WAEC àti NECO náà yóò tẹ̀ lé e. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ lè mọ Físíìsì bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọjọ́ ìdánwò gan-an ló kọ́kọ́ di máòsì mú, ìbẹ̀rù àti àìmọ̀ọ́lò ni yóò jẹ àkókò rẹ̀ tán. Ọmọ tí kọ̀ǹpútà wà nílé wọn kò ní irú ìṣòro yìí. Ilé-ìwé nìkan ló lè dí àlàfo náà, ẹ̀yin sì ni ilé-ìwé fi iṣẹ́ náà sí lọ́wọ́.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ọ̀nà kan hàn ní ọdún 2013, nígbà ìṣèjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, nígbà tí wọ́n gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama ìjọba. Wọ́n ti kó ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sínú ẹ̀rọ náà kó tó dé ọwọ́ ọmọ, nítorí náà kò di dandan kí ọmọ ra dátà kó tó kàwé. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kí ìmọ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ ṣáájú. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ láìsí owó ńlá:

- Ẹ wá kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ṣì lágbára. Ẹ fi Kolibri sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, Learning Equality ló ṣe é. Ẹ gba àwọn ẹ̀kọ́ tó bá ìwé-ẹ̀kọ́ yín mu sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà.
- Ẹ fi Wi-Fi so ó pọ̀ mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù tó kù nínú yàrá. Láti ìgbà náà, wọn yóò máa ka ẹ̀kọ́ látinú rẹ̀ láìlo dátà rárá.
- Ẹ fi Kiwix kún un, kí àwọn ọmọ lè ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.
- Bí iná kì í bá dúró ní àdúgbò yín, kọ̀ǹpútà alágbèéká àti sólà kékeré dára ju kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dúró de jẹnẹrétọ̀ lọ. Ẹ kọ owó bátìrì àti àtúnṣe mọ́ ìnáwó ọdún kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ní ti iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ fi òfin mẹ́ta lélẹ̀ fún gbogbo olùkọ́. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ tó bá lọ sórí fóònù gbọ́dọ̀ ní èyí tí a tẹ̀ sórí ìwé. Ìkejì, ọ̀rọ̀ kíkọ tàbí ohùn kúkúrú ni kí wọ́n fi ránṣẹ́. Fídíò ńlá a máa jẹ dátà òbí. Ìkẹta, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ pàdánù máàkì nítorí pé dátà tán tàbí iná lọ. Nígbà tí àwọn ilé-ìwé tì ní ọdún 2020 nítorí kòrónà, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ìjọba ìpínlẹ̀ fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ má ṣe fojú kéré ohun àtijọ́ tó bá dé ilé ọmọ.

Ẹ ṣí yàrá kọ̀ǹpútà lákòókò ìsinmi àti lẹ́yìn ìjádekúrò, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àyè náà má di ti àwọn tó san owó lẹ́sìnnì nìkan. Ẹ kíyè sí ọjọ́ náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán Jímọ̀ nìkan lẹ ń ṣí i, ẹ ti yọ àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó ń lọ kírun sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Sátidé nìkan, àwọn ọmọ ìjọ Adventist kò ní lè wá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ lọ ọjà.

3. Ọmọ tí ojú, etí tàbí ara rẹ̀ ní ìpèníjà

Òfin tó lòdì sí yíya àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama. Ẹ̀tọ́ ni; ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní àánú. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí nílò sì ti wà nínú kọ̀ǹpútà tí ẹ ní, ó kàn ku kí ẹnì kan tàn án ni.

*Ojú.* Lórí Windows, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú àmì ìròpọ̀, ohun gbogbo tó wà lójú kọ̀ǹpútà yóò tóbi sí i. Fún ọmọ tí kò ríran rárá, ẹ fi NVDA sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń fi ohùn ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ. Michael Curran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Australia ní ọdún 2006, James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn; afọ́jú ni àwọn méjèèjì. Lórí fóònù Android, TalkBack ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ rántí pé NVDA kì í sábà ka àwòrán ìwé tí olùkọ́ yà ní fọ́tò bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ló máa ń kà dáadáa. Níbi tí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ Yorùbá, ẹ ní kí olùkọ́ tó mọ èdè náà kà á sínú fóònù, kí ọmọ máa gbọ́ ọ, nítorí ohùn ẹ̀rọ tó mọ àmì ohùn wa ṣọ̀wọ́n.

*Etí.* Fídíò tí kò ní ọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ kò wúlò fún ọmọ adití. Ẹ wá èyí tó ní in. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kí olùkọ́ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, pàápàá orúkọ àwọn ènìyàn àti ìlú wa.

*Ọwọ́ àti ẹsẹ̀.* Ọmọ tí kò lè tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ lè tẹ Shift nígbà márùn-ún, kọ̀ǹpútà yóò sì gbà á láyè láti máa tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí yàrá kọ̀ǹpútà wà nísàlẹ̀, kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀, kí tábìlì kan ga tó kí kẹ̀kẹ́ ọmọ lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe dá a ṣe. Ilé-ìwé Pacelli fún àwọn afọ́jú ti wà ní Sùúrùlérè láti ọdún 1962. Ní Ìbàdàn, Andrew Foster, ajíhìnrere adití láti Amẹ́ríkà, dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní ọdún 1960. Ní Ọ̀yọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí láti ọdún 1977. Olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà yóò kọ́ yín ní ohun tí ìwé kankan kò lè kọ́ yín. Fún ìdánwò, JAMB dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní JEOG sílẹ̀ ní ọdún 2017 láti ṣètò UTME fún àwọn afọ́jú. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ tètè fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́.

4. Èdè ọmọ àti orúkọ ọmọ

Ní ọdún 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Bí Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ jẹ́ èdè kíláàsì, kò sí òfin tó ní kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà má fi èdè ọmọ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì.

Ẹ kọ àlàyé kúkúrú sára ògiri ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì: bí a ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, bí a ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́, bí a ṣe ń pa á. Níbi tí àwọn ọmọ Ègùn, Haúsá tàbí Ígbò bá pọ̀, bí i Badagry tàbí Mákòókò, ẹ fi èdè tiwọn kún un. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó gbọ́ èdè náà kó jókòó ti ọmọ tuntun.

Orúkọ ọmọ ṣe pàtàkì bákan náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìforúkọsílẹ̀ kì í gba ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Wọ́n a sọ orúkọ ọmọ di àmì ìbéèrè àti àpótí òfìfo. Ohun tó ń fà á ni pé lẹ́tà bí i “ọ́” kò ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀. “Ọ” ni kọ̀ǹpútà ń kó pọ̀ mọ́ àmì ohùn, ẹ̀rọ tí wọn kò ṣe dáadáa kì í sì mọ̀ wọ́n papọ̀. Ọ̀nà àbáyọ rèé:

- Ẹ lo fọ́ńtì tó gba lẹ́tà wa, bí i Noto Sans tàbí Charis SIL. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.
- Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà. Windows ní in, Gboard ní in lórí fóònù, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ orúkọ YorubaName náà sì fi tiwọn síta lọ́fẹ̀ẹ́.
- Ẹ ṣe àyè méjì fún orúkọ: ọ̀kan fún bí òbí ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú àmì rẹ̀, tí yóò wà lórí káàdì àti èsì ìdánwò, ìkejì láìsí àmì, fún wíwá orúkọ àti fún fọ́ọ̀mù JAMB àti NIN.
- Ẹ má ṣe fi dandan lé “orúkọ bàbá”. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ọ̀gá iṣẹ́ ní ẹni tó ń tọ́ ọ. Ẹ kọ “òbí tàbí alágbàtọ́” síbẹ̀.

5. Ọmọbìnrin nínú yàrá kọ̀ǹpútà

Bí kọ̀ǹpútà bá kéré tí ọmọ sì pọ̀, ẹni tó lágbára jù ló máa ń jókòó, ọmọbìnrin a sì dúró lẹ́yìn máa wò. Ẹ pín àga: orúkọ ẹni méjì fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí máòsì pààrọ̀ ọwọ́ ní àárín ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá yan olórí yàrá kọ̀ǹpútà, kí ó jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Kí iṣẹ́ gbígbálẹ̀ yàrá náà má di ti ọmọbìnrin nìkan nígbà tí ọmọkùnrin ń so wáyà.

Abísóyè Àjàyí-Akínfọlárìn fi ẹgbẹ́ GirlsCoding kọ́ àwọn ọmọbìnrin láti irú àdúgbò bí i Mákòókò bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, CNN sì kà á mọ́ àwọn akọni rẹ̀ ní ọdún 2018. Àwọn ọmọ tí àwọn kan rò pé kò lè ṣe é ló ṣe é. Ẹ sọ ìtàn wọn fún àwọn tiyín, kí ẹ sì pe obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ládùúgbò yín wá bá wọn sọ̀rọ̀.

6. Àṣírí ọmọ àti ẹ̀rọ tó ń dájọ́

Àwọn ìbéèrè tí a kọ ní apá kìíní yóò jẹ́ kí ẹ mọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ilé ọmọ. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, béèrè ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ ọmọdé bá ti gba ìyọ̀ǹda. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti àkọsílẹ̀ náà pa, kí olùkọ́ tó nílò rẹ̀ nìkan rí i, kí ẹ sì pa á rẹ́ nígbà tí ọmọ bá ti kúrò. Orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè owó ilé-ìwé kì í ṣe ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ gbàgede WhatsApp òbí.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tó ń fi ojú dá ènìyàn mọ̀, èyí tí àwọn kan ń tà fún kíka ọmọ ní àárọ̀. Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru yẹ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wò, irú èyí tó ń wo ojú láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Fún ọkùnrin tí àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, àṣìṣe wọn kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó tó 34.7. Wọ́n ti tún àwọn ẹ̀rọ kan ṣe láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n awọ ara tiwa ló jìyà àṣìṣe náà. Ẹ dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lára àwọn ọmọ tiyín kí ẹ tó sanwó, pẹ̀lú àwọn tó ń lo híjáàbù àti àwọn tó ní ilà. Kí ọmọ kankan má jìyà nítorí pé ẹ̀rọ kò dá a mọ̀.

7. Ohun tí ẹ ó bi ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún yín

- Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Títí di ìgbà wo?
- Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù àtijọ́ tó kéré lówó?
- Ṣé NVDA àti TalkBack lè kà á? Ẹ ní kó fi hàn yín níṣojú yín.
- Ṣé ó gba lẹ́tà Yorùbá? Ẹ fi “Bọ́lá” àti “Ọláṣubòmí” dán an wò.
- Níbo ni orúkọ àwọn ọmọ ń lọ, ta ló sì ń rí i?
- Èló ni ọdún kejì àti ọdún kẹta yóò ná wa?
- Bó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe, láàárín ọjọ́ mélòó?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn kò tíì yẹ kó gba owó ilé-ìwé.

8. Ètò sáà kan

*Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì:* ẹ fún àwọn olùkọ́ ní ojú ìwé ìbéèrè, ẹ gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà.

*Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún:* ẹ fi NVDA, fọ́ńtì àti kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Ẹ tò Kolibri. Ẹ kó àwọn olùkọ́ jọ fún wákàtí kan, kí kálukú wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò ó.

*Ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹsàn-án:* ẹ fún ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ní àyè tirẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

*Ọ̀sẹ̀ kẹwàá dé òpin:* ẹ ka ìwé ẹnu ọ̀nà. Ẹ bi àwọn ọmọ fúnra wọn ní ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sí ojú ìwé kan, kí ẹ gbé e fún ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, pẹ̀lú iye owó tí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan yóò gbà.

Ojú ìwé kan yẹn ni agbára yín. Ọ̀gá tó ń gbọ́ “a nílò kọ̀ǹpútà sí i” lọ́dọọdún lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá rí i nínú ìwé pé ọmọ mélòó ni kò dé ìdí kọ̀ǹpútà ní gbogbo sáà, àti ohun tó dí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́, yóò ṣòro fún un láti kọ̀. Ẹ má ṣe dúró de owó ìjọba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú orí yìí kò gbà ju àkókò àti ìfẹ́ lọ. Ẹ yan ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọmọ tó ń dúró dè yín wà nínú kíláàsì yín báyìí.